Ogun Ojú Sánmà Kò Gba Orí Tábìlì

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yẹ kí a ti máa fi ọkọ̀ ojú sánmà ìṣeré, irú èyí tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, jagun. Mo mọ̀ pé orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é káàkiri ayé, mo sì mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì kì í jẹ́ kí orúnkún dun èèyàn, ọmọdé kì í sáré kọjá kó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, èèyàn sì lè jókòó tì í kó máa mu mínírà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá àwọn tí a jọ ń ṣeré n'Íbàdàn fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan ṣì ń mi orí. Ni mo bá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: eré ogun ni. Ìwọ á ní ọkọ̀ kéékèèké tìrẹ, èmi náà á ní tèmi, a ó tò wọ́n kojú ara wọn. Òfin tí à ń lò jù ni Full Thrust, tí Jon Tuffley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì le. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀, oníkálukú á kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé ní kọ̀rọ̀: kí ọkọ̀ yìí fi kún eré, kí tọ̀hún dín eré kù, kí imú èyí yà sósì. Bí gbogbo wa bá kọ ọ́ tán, a ó ṣí ìwé, gbogbo ọkọ̀ á sì rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìbọn. Ìbọn kan tó wọ́pọ̀ máa ń gba dáìsì 2 bí ọ̀tá bá wà láàárín íǹṣì 12, dáìsì 1 bó bá wà láàárín 12 sí 24; kọjá ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o mọ́. Dáìsì tó bá mú 4 tàbí 5, ó bà á lẹ́ẹ̀kan. Tó bá mú 6, ó bà á lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá mú 1 sí 3, ó ta á nù.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí eré ogun mìíràn ni pé eré tí ọkọ̀ ń sá kì í tán. Ọkọ̀ tó bá rin íǹṣì 20 nísinsìnyí, 20 náà ni yóò tún rìn nígbà tó kàn, àfi bí o bá fi ẹ́ńjìnnì dín in kù. Bó ṣe rí lókè lọ́hùn-ún gan-an nìyẹn. Kò sí atẹ́gùn tó máa dá ọkọ̀ dúró, kò sí títì tí táyà rẹ̀ máa fún mọ́. Isaac Newton ti kọ ọ́ sínú ìwé láti 1687. Voyager 1, ọkọ̀ ojú sánmà tí Amẹ́ríkà jù sókè ní 1977, ṣì ń lọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nǹkan bíi kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, láìsí ẹ́ńjìnnì kankan tó ń tì í.

Ẹ wá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4. Íǹṣì 72 sí 48 nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń rin 20, ìgbà kẹrin ló máa já bọ́. Bó bá ní òun fẹ́ yí padà ńkọ́? Bí ojú aago ni a ṣe pín ibi tí imú ọkọ̀ lè kọ sí, ọ̀nà 12. Ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 4 kò lè yà ju ojú aago 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìgbà mẹ́ta gbáko ló máa fi yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Á ti rin íǹṣì 60, ibi tó sì máa gbà láti ṣe kọ́nà yẹn á fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìbú tábìlì tán, ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ni. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é lórí tábìlì wá ń ṣe ni pé wọ́n á rọra máa rìn ní 4, ní 6, wọ́n á pàdé ní àárín, wọ́n á dúró síbẹ̀ máa ju dáìsì títí ẹnì kan á fi kú. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ogun ojú sánmà. Ìjà ẹnu géètì ni.

Òfuurufú ò kún fún ọkọ̀. Àlàfo ló kún ibẹ̀, àlàfo yẹn sì ni ogun náà gan-an. Mo fẹ́ kí àbúrò mi rí èyí fúnra rẹ̀, ni mo bá mú ọsàn kan tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 àbọ̀, mo ní kó jẹ́ pé ayé tí à ń gbé nìyí. Òṣùpá, tí kò ní ju èkùrọ́ kan lọ, á wà ní mítà 2 ó lé díẹ̀ sí ọsàn yẹn. Ó lanu. Ó ti rò pé bí wọ́n ṣe máa ń yà á sínú ìwé ọmọ iléèwé ló rí, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkíní. Mo ní, oòrùn ńkọ́? A gbéra ní ẹnu ọ̀nà ilé, a rìn, a kọjá ilé ìjọsìn, a kọjá àwọn tó ń ta pálí omi, a dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí lójú títì, oòrùn ò tíì dé. Nǹkan bíi mítà 880 ló wà sí ọsàn yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé kí a gbé eré wá sórí tábìlì.

Ìbàdàn ní ilẹ̀ tó dára fún eré yìí ju bí àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ṣe rò lọ. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Òkè-Àdó àti Òkè-Bọ́lá, tí wọ́n da ilẹ̀ pálọ̀ wọn ní tèrásò. Ilẹ̀ yẹn tutù, ó tẹ́jú, ó dúdú díẹ̀, àmì funfun kéékèèké sì wà lára rẹ̀ káàkiri bí ìràwọ̀. Bí wọ́n bá gbé àga àti tábìlì àárín kúrò, oríṣi pálọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ogun ọkọ̀ méjìlá láìsí wàhálà. Gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti iléèwé náà dára, pàápàá èyí tí wọ́n fi táìsì oní-sẹ̀ǹtímítà 60 tẹ́, nítorí pé táìsì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ilẹ̀ ti fúnra rẹ̀ di rúlà. Mo fẹ́ràn orí dẹ́kìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí náà, tí onílé bá yọ̀ǹda: sìmẹ́ńtì gbalaja, atẹ́gùn ń fẹ́, òrùlé pípọ́n ìlú wà nísàlẹ̀ títí dé òkè Mápó. Àmọ́ àgbàlagbà nìkan ni mo máa ń gbà láyè níbẹ̀, nítorí etí dẹ́kìn kì í ní irin ìdábùú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni páséèjì ilé tí yàrá kojú yàrá. Ó gùn, kò fẹ̀. Ogun ìlépa ni ibẹ̀ wà fún. Ọkọ̀ ẹrù kan ń sá lọ, ọkọ̀ ogun méjì ń lé e bọ̀, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè yà sí. Ẹni tó ń sá ń fi kún eré díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń lé ní láti fi kún tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n eré náà wà: bí ọkọ̀ bá ti ń lo ẹ́ńjìnnì, òfin ò gbà kó yìnbọn sẹ́yìn. Ẹni tó ń sá gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì, kó máa sá tàbí kó pa ẹ́ńjìnnì kó dá ìbọn padà. Ẹni tó ń lé náà, bó bá fi ìwàǹwára gba eré jù, á kọjá ẹni tó ń sá, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá wà fún ìbọn. Mo ti rí ogun kan tó dá lórí ìyàtọ̀ íǹṣì 2 péré nínú àṣẹ tí ẹnì kan kọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àbáwọlé.

Màmá kan wà ní yàrá ìparí nínú ilé yẹn tó máa ń bá wa níbi tí a kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ogun yín ò tíì parí? Omi gbígbóná ló wà lọ́wọ́ mi o!"

"Ẹ máa bọ̀ mà, ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á dúró tàwọn ti ìkòkò omi náà. "Èwo ló ń lé èwo? Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn á bá a ṣá." Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́, torí pé wọ́n ń wò ó láti òkè, ní ìdúró, wọ́n sì rí bí àlàfo àárín ọkọ̀ ṣe ń kéré sí i.

Àwọn tó ṣáájú wa ti mọ ohun tí ilẹ̀ ń ṣe fún ojú. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kúnlẹ̀ sílẹ̀ yàrá fi ọmọ ogun ìṣeré jagun, ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1913. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ sílẹ̀, òǹkọ̀wé kan ní New York, Fletcher Pratt, ń kó àwọn èèyàn jọ sílẹ̀ gbọ̀ngán pẹ̀lú ọkọ̀ ogun ojú omi kéékèèké, íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 50. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi téèpù wọn ibi tí ọ̀tá wà. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, adájọ́ á wá wọ̀n ọ́n kó fi àmì síbi tí ọta bọ́ sí. Àwa náà mú ìyẹn wọ tiwa. Ẹni tó fẹ́ yìnbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bó bá ṣìnà ju ìbú ọwọ́ kan lọ, dáìsì rẹ̀ kan lọ. A kì í lo òfin yìí lórí táìsì, nítorí pé gbogbo wa la máa ka táìsì. Orí sìmẹ́ńtì ni ojú ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Liverpool ní 1942. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rì àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti epo lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rí i ṣe gan-an. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Gilbert Roberts, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tí àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) ti mú kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ṣáájú ogun. Wọ́n fún un ní yàrá ní Derby House. Ilẹ̀ yàrá náà ló sọ di òkun: ó pín in sí ìlà-ìlà, íǹṣì 10 láti ìlà kan sí èkejì, ìyẹn sì dúró fún máìlì ojú omi kan. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin láti ẹ̀ka obìnrin ọmọ ogun ojú omi, àwọn tí wọ́n ń pè ní Wren, ló ń kúnlẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ipa ọ̀nà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Funfun ni ti ọkọ̀ ojú omi, aláwọ̀ ewé ni ti ọkọ̀ abẹ́ omi. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́yìn aṣọ, ihò kékeré ni wọ́n ń yọjú wò, kí wọ́n má baà rí ju ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ lè rí lójú òkun lọ. Láti ẹ̀yìn aṣọ yẹn, ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ewé kì í hàn sí wọn.

Orí ilẹ̀ yẹn ni Roberts àti àwọn ọmọbìnrin náà ti rí i pé láti ẹ̀yìn ni ọkọ̀ abẹ́ omi ń yọ́ wọ àárín àwọn ọkọ̀ ẹrù, á yìnbọn nítòsí, á rì wọ ìsàlẹ̀, á jẹ́ kí gbogbo wọn gba orí òun kọjá. Wọ́n wá ọgbọ́n sí i, wọ́n pe ọgbọ́n náà ní Raspberry, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n á gbé e gbà. Ọ̀gá àgbà Max Horton, tó ti fi ọkọ̀ abẹ́ omi jagun rí fúnra rẹ̀, wá gba eré náà wò. Òun ni ọkọ̀ abẹ́ omi. Ẹni tó wà ní ìhà kejì ń rì í ṣáá. Ìgbà tó bèèrè ẹni náà, Janet Okell ni, ọ̀kan nínú àwọn Wren. Ọmọbìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ fa ṣọ́ọ̀kì lójoojúmọ́ ti mọ òkun ní ọ̀nà tí ọ̀gá àgbà ò mọ̀ ọ́n. Nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, orí mi máa ń wú.

Ìdí nìyẹn tí àwa náà fi ń fa ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé ọkọ̀ wa lórí sìmẹ́ńtì. Bí o bá rí ìlà tí ọkọ̀ ti tọ̀ bọ̀, ìwọ á mọ ibi tó lè dé àti ibi tí kò lè dé láéláé nígbà tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ díẹ̀, torí pé ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí jù nìyí. Ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣeré lórí tábìlì lókè òkun wọ́n, wọn ò sì wúlò nílẹ̀: ohun tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, bí o bá dìde dúró, o ò ní rí i mọ́. Púlọ́ọ̀gì la fi ń ṣe tiwa. Púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ti ọ̀kadà, èyí tó ti kú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù. Ẹ mú ọ̀kan sọ́wọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Seráámíìkì funfun yẹn ni ọrùn ọkọ̀, irin olójú mẹ́fà ni àyà rẹ̀, ibi tí ó ní eyín ìdè yíká ni ẹ́ńjìnnì, irin kékeré tó tẹ̀ ní ìdí rẹ̀ sì dà bíi pé iná ti ibẹ̀ jáde, nítorí iná ti ibẹ̀ jáde lóòótọ́. A máa ń fi kẹrosíìnì fọ èédú rẹ̀, a ó fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìdérí ìgò, a ó wá kun ẹ̀yìn rẹ̀ lókè ní kútẹ́ẹ̀sì. Pupa fún ìhà kan, aláwọ̀ wúrà fún ìkejì. Òkè ni kí ẹ kùn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, torí pé láti òkè ni a ó ti máa wò ó. Kí ẹ sì kun imú rẹ̀ ní funfun kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn ibi tó kọjú sí. Ó wúwo. Fáànù ò lè gbé e, atẹ́gùn ọyẹ́ ò lè yí i padà, bí ọmọ kan bá sì fẹsẹ̀ kọ ọ́, ẹsẹ̀ ọmọ náà ni yóò dùn ún. Bọ́tìnnì la fi ń ṣe àwọn ọkọ̀ ìjà kéékèèké, mẹ́fà-mẹ́fà lórí páálí kan.

Pápá ńlá ní òfin tirẹ̀. Pápá básíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ mítà 28 sí 15. Bí a bá wà níbẹ̀, a kì í lo íǹṣì mọ́, sẹ̀ǹtímítà 10 la fi ń rọ́pò íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ìbọn tí ọwọ́ rẹ̀ tó 24 á wá tó mítà 2 àti 40 sẹ̀ǹtímítà. Okùn la fi ń wọ̀n ọ́n, a ta kókó kan sí ibi 12, a ta òmíràn sí 24, ẹni méjì á fà á le. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí sìmẹ́ńtì bá ti tutù tó fún orúnkún. Oníkálukú á mú ẹní kékeré dání.

Orí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin ti yọ ọkọ̀ méjì kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ìbọn kankan tó dún, tó darí wọn lọ sí apá ibi òpó básíkẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń fi kún eré. Ẹnì kan láàárín wa ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fi ogun sílẹ̀ ni?" Kò dá a lóhùn, ó ń kọ àṣẹ rẹ̀ lọ. Ìyókù ọkọ̀ rẹ̀ ń jìyà láàárín pápá, wọ́n ń sún sẹ́yìn, àwọn tó ń lé wọn ń gba eré tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tí àwọn méjì yẹn máa yí padà, wọ́n gba kọ́nà kan tó fẹ̀ tó ìdajì pápá, wọ́n sì já wọlé láti ẹ̀yìn, mítà 3 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n wá bá ń sáré jìnnà sí wọn lọ, wọn ò lè yí imú padà kó tó pẹ́ jù, ìbọn wọn ò sì kọjú sẹ́yìn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yẹn ló ti kọ sínú ìwé rẹ̀ ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí tábìlì kankan láyé tó lè gba kọ́nà yẹn.

Nǹkan kan ń ká mi lára. Ilẹ̀ gbalaja ń tán lọ n'Íbàdàn. Nígbà tí a wà ní kékeré, a ń fi ìdérí ìgò gbá bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ńtì, a ń ya ṣúwè sójú ilẹ̀, kò sí àdúgbò tí kò ní ibì kan tó tẹ́jú tí ọmọ lè tẹ́ ara rẹ̀ sí. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù ti gba iwájú ilé, àga ńlá ti gba pálọ̀, wọ́n ti kọ́ ilé sí ìdajì pápá iléèwé tí mo mọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán ló sì wà ní títì pa láti Ajé títí di Àbámẹ́ta, àga ike tó tò jọ gègèrè ni wọ́n ń ṣọ́. Mo ń bẹ ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ irú gbọ̀ngán bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí i fún àwọn ọmọ àdúgbò ní ọ̀sán Sátidé kan. Wọn ò bèèrè iná, wọn ò bèèrè ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á gbá a kí wọ́n tó lọ.

Ohun tí à ń gbèrò báyìí tóbi ju pápá básíkẹ́ẹ̀tì lọ. Pápá bọ́ọ̀lù la fẹ́ lò, ìṣísẹ̀ kan fún íǹṣì kan, kí kẹ́ẹ̀gì oní-lítà márùn-ún máa ṣe ọkọ̀, kí a da yanrìn díẹ̀ sínú rẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Téèpù àwọn bíríkìlà, èyí tó gùn tó mítà 50, á rọ́pò okùn wa. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ á wà lórí ìjókòó àwọn òǹwòran, wọ́n á máa fi fóònù pàṣẹ, àwọn ọmọ á máa gbé kẹ́ẹ̀gì nínú pápá. Ohun tí a kò tíì rí yanjú ni bí ẹni tó wà lórí ìjókòó ṣe máa mọ ibi tí imú kẹ́ẹ̀gì kọ sí. Àbúrò mi ní kí a so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a lo ọfà tí a fi pátákó gé. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn, kó jẹ́ kí a gbọ́ ọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.